Harvey àti Ilẹ̀ Omi Tí Wọ́n Tà fún Wa

Bí ìjì líle bá jà nílùú tí èèyàn wà lókè òkun, òrùlé ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Ṣé kò ká páànù yín lọ?" Bí wọ́n ṣe ń bi mí nìyẹn ní ọdún 2017, láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti London, títí ó fi sú mi láti dáhùn. Páànù ò sí lórí ilé wa ní Houston. Èyí tó wà níbẹ̀ pàápàá, ìjì Harvey ò fọwọ́ kàn án. Ìsàlẹ̀ ló gbà wọlé.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 25 oṣù kẹjọ ọdún náà, ló gúnlẹ̀ sí etíkun Texas nítòsí ìlú Rockport. Ibẹ̀ jìnnà sí wa. Mọ́tò á sáré tó wákàtí mẹ́ta kó tó débẹ̀. Nínú ìpele márùn-ún tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìjì òkun, ìpele kẹrin ni tirẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń sáré tó máìlì 130 láàárín wákàtí kan. Ó ti pẹ́ gan-an tí Texas ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Rockport fojú winá afẹ́fẹ́ yẹn. Àwa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, à ń ṣàánú wọn, a sì ń dúpẹ́ pé tiwa ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìjì tó bá ti kúrò lójú òkun tó wọ orí ilẹ̀, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ni, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó rẹ Harvey lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Kò sí afẹ́fẹ́ lókè tó máa tì í síwájú, ló bá jókòó tì wá, ó ń pòòyì, ó ń fa omi láti inú òkun Gulf tí oòrùn ti yá, ó ń dà á lé wa lórí. Ní Nederland, ní ìlà oòrùn Houston, òjò tó rọ̀ lé ní ínṣì 60. Ìyẹn ju òjò tí Ìbàdàn ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀ lọ, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn òjò ní Amẹ́ríkà, kò sí ìjì òkun tó tíì rọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí a ò sá. Gómìnà Greg Abbott ní kí ẹni tó bá rí ọ̀nà lọ máa lọ. Olórí ìlú Houston, Sylvester Turner, ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀. Wọ́n bú Turner gan-an lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi. Ẹni tó bá wà ní Houston lọ́dún 2005, nígbà ìjì Rita, mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sá fún. Wọ́n ní ká jáde nígbà yẹn, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì kó sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjọ́ yẹn. Epo tán nínú mọ́tò, ooru mú, àwọn èèyàn ń kú sójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná, 23 nínú wọn ò sì jáde láàyè. Rita fúnra rẹ̀ wá yà bàrá, kò kọjú sí Houston mọ́. Àwọn tó kú sínú sísá pọ̀ ju àwọn tí ìjì pa lọ. Nítorí náà, nígbà tí Turner ní ká jókòó, a jókòó.

Ìyàwó mi ò sí nílé. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì wà lára àwọn tí ọsibítù máa ń kó jọ bí ìjì bá ń bọ̀, tí wọ́n á máa sùn síbẹ̀, tí wọ́n á máa ṣiṣẹ́ títí ojú ọjọ́ á fi là. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé báàgì rẹ̀, ó fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, ó lọ. Ibi tó lọ, Texas Medical Center, ibẹ̀ gan-an ni omi ti fojú wọn rí màbo ní 2001, nígbà ìjì Allison. Omi kún yàrá abẹ́ ilẹ̀ àwọn ọsibítù, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, wọ́n ń fọwọ́ gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n náwó. Wọ́n fi ilẹ̀kùn irin tó nípọn, tí omi ò lè gbà kọjá, sí àwọn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná kúrò nísàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà tí Harvey dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, omi yí wọn ká, iṣẹ́ ń lọ nínú. Ara ìyàwó mi gbẹ níbi iṣẹ́. Ilé tó fi sílẹ̀ ni omi wọ̀. Mo máa ń rántí ilẹ̀kùn irin yẹn nígbàkigbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kò sóhun tí ọmọ aráyé lè ṣe sí ọ̀rọ̀ omi.

Ìwọ̀ oòrùn ìlú ni à ń gbé, lápá Katy, ní kaunti Fort Bend. Àdúgbò tó tutù ni, iléèwé rẹ̀ dáa, irú ibi tí àwa Yorùbá Houston máa ń kó lọ bí ọwọ́ bá ti tẹ́nu díẹ̀ tí a kúrò ní Alief. Kò jìnnà sí ilé wa tí pápá ńlá kan fi bẹ̀rẹ̀, George Bush Park. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni èmi náà ń lọ nasẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Koríko, igi, ọ̀nà kẹ̀kẹ́, òpó gòlù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nígbà tí à ń ra ilé ni pé inú dáàmù ni pápá yẹn wà. Barker lorúkọ dáàmù ọ̀hún.

Kì í ṣe irú dáàmù Ẹlẹ́yẹlé tí omi ń wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Gbígbẹ ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Ìgbà tí òjò bá pọ̀ nìkan ni wọ́n á ti ẹnu rẹ̀, kí omi má bàa gba Buffalo Bayou sáré lọ bá àárín ìlú. Àkúnya omi 1929 àti ti 1935 ló ba àárín Houston jẹ́ tí ìjọba fi kọ́ ọ, òun àti ìkejì rẹ̀, Addicks. Wọ́n parí Barker ní 1945, wọ́n parí Addicks ní 1948. Oko ìrẹsì àti pápá màlúù ló wà lẹ́yìn wọn nígbà yẹn. Bí omi bá dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá nílé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ilẹ̀ tí ìjọba rà sílẹ̀ fún omi Barker kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 95 lọ sí ìwọ̀n òkun. Ṣùgbọ́n ògiri dáàmù náà ga ju ìyẹn lọ dáadáa, omi sì lè gun kọjá 95 kó tó rí ibi ṣàn gbà. Ilẹ̀ tó wà láàárín ibi tí ìjọba rà dé àti ibi tí omi lè gùn dé, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló wà. Nígbà tí ìlú fẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n gé e ní pulọ́ọ̀tì, wọ́n kọ́ ilé sí i, wọ́n gbin òdòdó sẹ́nu géètì, wọ́n sì tà á fún èmi àti àwọn bíi tèmi. Nígbà Harvey, omi Barker gun kọjá 101.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn. Wọ́n wá bá wa gbọ́mọ nítorí pé ìyàwó mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àbíkẹ́yìn wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kò. Aṣọ ni Màmá ń tà ní Gbági kí ara tó dẹ̀. Gbági àtijọ́ ni mò ń sọ, nítòsí Ògùnpa. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó gbé èèyàn tó lé ní igba lọ. Ará Ìbàdàn tó bá ti dàgbà mọ ọjọ́ yẹn; àwọn kan ṣì ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí léèsì àti àǹkárá lórí gbogbo okùn tó wà lágboolé wa, tí Màmá ń fọwọ́ ha ẹrẹ̀ kúrò lára wọn. Iye tí wọ́n tà wọ́n lẹ́yìn náà ò tó ìdajì owó tí wọ́n fi rà wọ́n.

Orúkọ ìjì náà kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Ta ni Harvey? Ọmọ ta ni?" Mo ṣàlàyé pé wọ́n máa ń to orúkọ sílẹ̀ fún ìjì ọdọọdún, àti pé èyí tó bá ṣọṣẹ́ púpọ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọn ò ní sọ òmíràn bẹ́ẹ̀ mọ́. (Wọ́n yọ ti Harvey náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Harold ló gba ipò rẹ̀.) Màmá ní bí wọ́n bá ń sọ omíyalé lórúkọ ní Ìbàdàn ni, orúkọ ì bá ti tán nílẹ̀.

Òjò tó rọ̀ láti alẹ́ Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Fóònù ń han lóru: ìkìlọ̀ àkúnya omi, ìkìlọ̀ ààjà, ìkìlọ̀ àkúnya òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá dúró lẹ́nu fèrèsé, wọ́n ń wo ihò gọ́tà tó wà níwájú ilé.

"Àkànní, wá wò ó. Omi yìí ò wọlẹ̀ mọ́ o. Ńṣe ló ń jáde bọ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gọ́tà ibí kì í ṣe bíi tilé, ó máa fà á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Bí ihò bá ń pọ omi jáde, ibi tó yẹ kó gbé e lọ ló ti kún yẹn. Ẹ gbé gààrí lọ sókè."

Gààrí la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìrẹsì, èlùbọ́, epo, mílíìkì ọmọ, àpótí ìwé, pásípọ́ọ̀tù, sítóòfù kékeré tí a fi ń lọ sí píkíníìkì. Màmá ní ká pọn omi ẹ̀rọ sínú gbogbo ike àti sínú ọpọ́n ìwẹ̀ òkè. Ọmọ mi àgbà bú sẹ́rìn-ín pé omi wà níta tó bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà tún ń pọnmi. Màmá ò dá a lóhùn. Wọ́n so àpò gààrí mọ́ irin àtẹ̀gùn, wọ́n ta á ní kókó méjì.

Mọ́jú Mọ́ńdè ni wọ́n ṣí ẹnu Barker àti Addicks díẹ̀díẹ̀, nítorí pé omi tó wà nínú wọn ti ń pọ̀jù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá Buffalo Bayou, tí wọ́n ti rò pé ewu ti kọjá lórí wọn, omi bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwa tó wà lẹ́yìn dáàmù rò pé bí wọ́n ṣe ṣí i yẹn, tiwa á fà. Kò fà. Èyí tó ń wọlé láti òkè ju èyí tó ń jáde lọ.

Kùtùkùtù ọjọ́ Túsìdeè, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo pálọ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì, ó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ti gbéra kúrò lórí sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fojú rí omi. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ ògiri ni mo rí i tó ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ pákó, yíká yàrá, níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà tí mo ti kó tówẹ̀lì dí kò bá a wí. Kò pẹ́ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kó tó di ọ̀sán, fìríìjì ti dà wó, ó ń léfòó nínú kíṣìnì, ó ń forí gbá kábọ́ọ̀dù.

A kó sókè. A fi omi ike mu gààrí, ṣúgà wà, ẹ̀pà wà. Hẹlikọ́pítà ń kọjá lókè orí wa. Láti ojú fèrèsé la ti rí ohun pupa kan tó ń bá omi bọ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ. Èèrà ni. Àwọn èèrà pupa Texas tí títa wọn ń jó ni lára, wọ́n so kọ́ra wọn, wọ́n gbé ẹyin àti ọmọ wọn sáàárín, wọ́n ń léfòó lọ lódindi. Màmá wò wọ́n títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀ ilé aládùúgbò.

"Àwọn yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé omi ń gbé ibí."

Ọjọ́rú, oòrùn yọ. Òfuurufú mọ́ kedere, kò sí kùrukùru kankan, omi sì ṣì ń gun àtẹ̀gùn wa. Èyí ló dààmú ọmọ mi jù. Ó ní, "Daddy, òjò ti dá. Omi wo ló ń bọ̀?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin kan tó fi ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ wá láti Louisiana ló kó wa jáde. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, Cajun Navy ni wọ́n ń pera wọn. Àwọn tí ìjì Katrina ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò rán wọn níṣẹ́, wọ́n kan so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò ni, wọ́n ń bọ̀. Ó fẹ́ gbé Màmá mọ́ra sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé àtẹ̀gùn. Màmá ò gbà. Wọ́n wé gèlè wọn, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n di èjìká rẹ̀ mú, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ fúnra wọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ láàárín ilé, tí mo ń fọwọ́ kan pátákó STOP tó máa ń wà lókè orí mi, Màmá ń ṣàdúrà fún un ní Yorùbá: kò ní fẹ̀mí ara rẹ̀ dí i, omi ò ní gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á tòrò. Níbi tó yẹ kó ti ṣàmín, ńṣe ló ń dáhùn pé, "Yẹ́ẹ̀sì, máàmù." Màmá ní ó dára bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Àwọn tó wà ní George R. Brown, gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tó wà láàárín ìlú, ń lọ sí bí 10,000 lọ́sẹ̀ yẹn. Ọlọ́jà àga kan tí gbogbo Houston mọ̀, Jim McIngvale, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun tó ń tà. Àwọn mọ́sáláṣí ṣílẹ̀kùn, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn. Àwa lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Alief, níbi tí a ti fi fóòmù tẹ́ pálọ̀ láti ògiri kan dé èkejì.

Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, 1 oṣù kẹsàn-án. Kò sí àgbò, nítorí pé omi ti dí ọ̀nà oko tí a ti máa ń lọ dú u. Kò sí aṣọ ọdún. Ẹ̀wù tí èmi fi kírun, ọ̀rẹ́ mi ló ni ín, ó sì ga jù mí lọ. Bí a ṣe ń kí ara wa ní mọ́sáláṣí, "ẹ kú ọdún" ń dà pọ̀ mọ́ "ẹ kú ewu omi." Ìyàwó mi dé lọ́jọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Màmá, ó jókòó sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Kí n fi èyí há a láàárín. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ayé ló wà ní Houston lọ́sẹ̀ yẹn. Lásìkò kan náà, omi ti lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé wọn ní Makurdi, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí òkè ya lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní Freetown. Ìbátan mi kan nílé ló sọ ti Makurdi fún mi. Mo wà nínú omi, mi ò sì gbọ́ nípa omi orílẹ̀-èdè mi.

Omi ò kúrò nílé wa kíá. Èyí ni àwọn tí odò kún bá máa ń fi yàtọ̀ sí àwa tí dáàmù kún bá: odò á gun, á sì sọ̀, dáàmù á dúró tì ọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká padà, ògiri ti bu, dúdú àti ewé, ó gùn kọjá ibi tí ojú omi dé. Òórùn náà, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo ṣì máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ṣí fìrísà tí iná ti lọ lára rẹ̀. Gbogbo ilé la tú. A gé ògiri sheetrock kúrò láti ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, a hú kápẹ́ẹ̀tì, a fa àga, bẹ́ẹ̀dì, ìwé ọmọ, ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo ẹ̀ síta. Àwọn ọ̀dọ́ Mormon tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò wá, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí wá, wọ́n jọ ń ti bárò kan náà. Iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ní òkìtì tirẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. Èèyàn á kọjá, á rí ìgbésí ayé aládùúgbò rẹ̀ níta: fọ́tò ìgbéyàwó, dùrù, ọmọláńgidi, kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Màmá ò jẹ́ ká da aṣọ nù. Gbogbo èyí tó wà nínú kábọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó jáde, wọ́n tò wọ́n sórí fẹ́ńsì, wọ́n ń fi ìka méjì ra etí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àǹkárá yìí á yè. Léèsì yìí á yè. Àdìrẹ yìí, aró rẹ̀ ti ran ìkejì. Sányán ò dá mi lójú." Sányán náà ni aṣọ ìgbéyàwó mi, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún. Ó yè, ṣùgbọ́n ìlà omi wà lára agbádá rẹ̀ títí di òní, mo sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ò gùn. Ìnṣọ́ránsì ilé tí à ń san lóṣooṣù ní òun ń san ti afẹ́fẹ́, òun ò san ti omi tó gba ilẹ̀ wọlé. Ti omi lọ́tọ̀ ni. Ètò ìjọba àpapọ̀ ni láti ọdún 1968, èèyàn ló máa lọ rà á. Báńkì kì í fi dandan lé e àfi bí ilé bá wà níbi tí àwòrán ìjọba ti kun ewu omi sí, àwòrán yẹn ò sì kun tiwa. Owó ìrànwọ́ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, ò lè kọjá 33,300 dọ́là fún ìdílé kan lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì rí tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn 68 ni àkọsílẹ̀ ìjọba ní ìjì náà pa tààrà ní Texas, ohun tó bàjẹ́ sì tó bílíọ̀nù 125 dọ́là. Àjọ ẹgbẹ́ wa ni mo kó, òun ni mo fi ra ògiri.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ohun kan náà. Kí Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí. A ní àmín. Àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ fi ọwọ́ mú un bẹ́ẹ̀. Níbí ni mi ò ti lè ṣàmín mọ́, pàápàá lẹ́yìn ìpàdé àdúgbò kan tí wọ́n pín ìwé kan fún wa. Àwòrán ilẹ̀ ni, ẹ̀dà èyí tó wà lákọsílẹ̀ kaunti, irú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn àdúgbò kan lẹ́yìn Barker kí wọ́n tó kọ́ ilé síbẹ̀. Gbólóhùn kan wà lára rẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré gan-an, tó ní ilẹ̀ yìí lè wà lábẹ́ omi fún ìgbà pípẹ́ bí àwọn tó ń mójú tó dáàmù bá sé omi. Mo kà á, mo tún un kà. Mo buwọ́ lu ìwé tó ga tó orúnkún lọ́jọ́ tí mo ra ilé. Èyí ò sí nínú wọn.

Mo kà á sétígbọ̀ọ́ Màmá. Wọ́n pòwe tí gbogbo wa mọ̀, pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Òótọ́ ni, mo sì ti ronú sí òwe yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ohun tó gbà kí ó tó ṣiṣẹ́ ni pé kí onílé mọ ọ̀nà àgbàrá. Ní Ìbàdàn, ẹni tó kọ́lé sétí Ògùnpa ń fojú rí odò. Ó lè jẹ́ pé kò ríbòmíràn kọ́ ọ sí, ó lè jẹ́ pé owó ilẹ̀ ibẹ̀ ló ká agbára rẹ̀, ó lè ti máa da ìdọ̀tí sínú odò náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n odò ò sá pamọ́ fún un. Tiwa, òpó gòlù àti koríko ni wọ́n fi bo ojú odò. Òjò jẹ́ ti Ọlọ́run, mi ò bá a jiyàn. Ẹsẹ̀ bàtà 95, èèyàn ló wọ̀n ọ́n. Pulọ́ọ̀tì, èèyàn ló gé e. Lẹ́tà kéékèèké yẹn, ọwọ́ èèyàn ló tẹ̀ ẹ́.

Adájọ́ pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fa ọ̀rọ̀ owó dájọ́ lórí ẹjọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn Addicks àti Barker. Ó ní ìjọba mọ̀ pé omi lè kọjá ilẹ̀ tí òun rà, ó sì gba ilẹ̀ onílẹ̀ lò láìsanwó nígbà tó sé omi sórí rẹ̀. Inú wa dùn. Ìdájọ́ lọ̀tọ̀, kówó ó dọ́wọ́ lọ̀tọ̀.

Àwọn kan tún ilé wọn ṣe, wọ́n kùn ún, wọ́n tà á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti rí ọmọ Yorùbá mélòó kan nínú àwọn tó rà á. Ọ̀kan nínú wọn pè mí pé kí n wá bá òun jẹun ìṣílé. Mo lọ, mo jẹ iyán, mo sì mú un lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, mo fi ògiri dáàmù hàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilé ní Houston, ẹ má fi iléèwé àti òdòdó ẹnu géètì nìkan wo àdúgbò. Ẹ lọ sí kaunti, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àwòrán ilẹ̀ náà, kí ẹ ka etí rẹ̀ pátá. Ẹ béèrè bí ilẹ̀ ṣe ga tó sí ìwọ̀n òkun, àti ibi tí omi 2017 dé. Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ ní Lẹ́kí tàbí lẹ́bàá odò ní Ìbàdàn, ẹ wá àgbàlagbà àdúgbò kàn lákòókò òjò kí ẹ tó sanwó fún ọmọ onílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà ní Texas, ẹ lọ gba ìnṣọ́ránsì omi, báńkì ì báà sọ pé kò kàn yín. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àsìkò ìjì sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá ti sọ ìjì náà lórúkọ, ó ti pẹ́ jù.